Ọ̀sẹ̀ Mẹ́rin Tí Mo Kọ Sínú Lẹ́tà

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo bá bàbá mi kọ láyé mi, mo sì ṣì í kọ. Kì í ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dára o. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dára ju bó ti yẹ lọ. Mo fi rúlà fa ìlà sábẹ́ àkọlé rẹ̀, kò sì sí àmì kan tí n kò fi sí àyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ṣì níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbọ́ nínú ilé wa láti kékeré, òun ni kò sì jẹ́ kí bàbá mi wà nílé lọ́jọ́ tí ìyá mi kú.

Káfíńtà ni bàbá mi, ní Ìkẹ́rẹ́. Ó lè kan àga, ó lè kan bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n òrùlé ló fẹ́ràn jù. Bí a bá jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, orí ilé onílé ló máa ń wò, kì í wo èèyàn. Ìyá mi a ní, "Ẹ wolẹ̀, ẹ má baà kọsẹ̀," bàbá mi a sì ní òun ń wo ibi tí òjò máa gbà wọlé fún onílé náà lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyá mi kì í dákẹ́ fún un, òun náà kì í sì í fẹ́ kó dákẹ́. Báyẹn ni wọ́n ṣe gbé pọ̀ ju ọgbọ̀n ọdún lọ.

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wa ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, iṣẹ́ ilé kíkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ káàkiri. Ọ́fíìsì wà tí kò ní òrùlé, akọ̀wé wà tí kò ní àga. Gbogbo ẹni tó bá ní ayùn àti òòlù ló fẹ́ di agbaṣẹ́ṣe. Agbaṣẹ́ṣe ńlá kan láti Adó wá gba iṣẹ́ ilé-ìwé kan ní Òmùò, ó sì gbé gbogbo iṣẹ́ igi àti òrùlé rẹ̀ fún bàbá mi. Bàbá mi kò tíì gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n fún un ní ìwé àdéhùn, ẹnjiníà tó ń bójú tó iṣẹ́ náà sì túmọ̀ rẹ̀ fún un sí Yorùbá, ó tẹ̀ka sí i. Ohun kan nínú àdéhùn náà ni bàbá mi máa ń tún sọ fún wa nílé, pé ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó parí gbọ́dọ̀ kọ nótíìsì, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́rìnlá, kó sì ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ tó bá dá fúnra rẹ̀ yóò fi pé. Ẹni tó bá kàn ká irinṣẹ́ rẹ̀ lọ, kó má retí iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ wọn mọ́, wọn yóò sì sọ orúkọ rẹ̀ fún àwọn yòókù.

Àwọn tó ń ká irinṣẹ́ lọ sì pọ̀. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ báyìí, tí ilẹ̀ oko bá ti rọ̀, ìyàwó àwọn káfíńtà ilẹ̀ wa á bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Ọkọ wọn á lọ bá ọ̀gá níbi iṣẹ́, á ní wọ́n ránṣẹ́ pe òun nílé, aya òun kò lè dìde. Ó di oko. Bàbá mi máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, á ní àìsàn yìí mà mọ àsìkò iṣu gbígbìn o. Ìyá mi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́dún tí bàbá mi wà ní Òmùò, àìsàn dé bá ìyá tèmi lóòótọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wú, lẹ́yìn náà ni èémí rẹ̀ kò délẹ̀ mọ́. Bó bá rìn láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà, á dúró, á di férémù ilẹ̀kùn mú. Èmi nìkan ni mo wà nílé pẹ̀lú rẹ̀, mo ń ṣe tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí. Mo gbé e lọ sí ọsibítù ní Adó, a lo ọjọ́ mẹ́sàn-án níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, dókítà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ kọjá ohun tí àwọn lè ṣe, kí n máa gbé ìyá lọ sílé, kí n máa fún wọn ní ohun tó bá ń wù wọ́n jẹ, kí ẹni tí wọ́n bá fẹ́ rí sì tètè wá.

Ẹni tí ìyá mi fẹ́ rí kò ju ẹnì kan lọ. Mo ránṣẹ́ sí Òmùò nípasẹ̀ awakọ̀ kan, bàbá mi sì dé lọ́jọ́ kejì. Mo pè é sẹ́yìn ilé, mo sọ ọ̀rọ̀ dókítà fún un. Ó mú igi kan tó wà nílẹ̀, ó wò ó bóyá ó tọ́, ó sì gbé e padà. Nígbà tó yá, ó ní, "Màá fi uṣẹ́ náà sílẹ̀. Wá bá mi kọ ùwé rẹ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni, a jókòó sí fàráńdà. Mo gbé tábìlì jáde, mo mú ìwé tó dára nínú èyí tí mo fi ń kọ ètò ẹ̀kọ́. Mo bi í pé kí ni kí n sọ pé ó fà á.

"Má sọ nǹkan kan," ló sọ. "Sọ pé mo fẹ́ fi uṣẹ́ sílẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ pé ara ìyá mi kò yá. Òótọ́ ṣáà ni."

"Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àìsàn rẹ̀ rẹ́rìn-ín."

Mo bi í pé ìgbà wo ni kí n dá.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin."

"Mẹ́rin kẹ̀? Ṣebí ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n ní."

"Mo mọ̀. Ó fi díẹ̀ lé tiwọn. Kí wọ́n má baà ní mo ń sá kúrò níbi uṣẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà níbẹ̀, nítorí pé èmi náà kò dúró ṣàlàyé rẹ̀ fún ara mi lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà méjì la fi ń ka ọjọ́ nílé wa. Láti ọjọ́ Ìsinmi kan dé èkejì, wíìkì ni àwọn òbí mi ń pè é. Wíìkì jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ìjọba. Ṣùgbọ́n láti ọjà kan dé èkejì, ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n sì ń ní àwọn ń ná ọjà wa, torí pé ọjọ́ ọjà méjèèjì ni wọ́n ń kà mọ́ ọn. Bí a bá kà á bí wọ́n ti ń kà á níwájú pátákó nílé-ìwé, ọjọ́ mẹ́rin ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí bàbá mi ń sọ, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni. Ó fi ọjọ́ méjì lé ti àdéhùn, bó ti wí gẹ́lẹ́.

Ṣùgbọ́n tíṣà ni mí. Ọjọ́ méje ló wà nínú ọ̀sẹ̀ tèmi. Mo ti fún ọmọ kan ní òdo rí nítorí pé ó kọ ọ́ pé ọjọ́ márùn-ún ni, mo sì tún bá a wí lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bàbá mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mo sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, mo tún ka kàlẹ́ńdà, mo kọ déètì ọjọ́ tí yóò pé síbẹ̀ kó lè dá wọn lójú.

Ǹ bá ti béèrè. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé inú ń bí mi. Mo wo ọkùnrin yìí, mo ní aya rẹ̀ ń kú lọ nínú yàrá, òun ń ta ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́rẹ, kí ẹnjiníà kan lè máa pè é ní ọmọlúàbí. Mo ti dá a lẹ́bi kó tó sọ̀rọ̀ tán. Gbólóhùn "ó fi díẹ̀ lé tiwọn" wọ etí mi, ó sì tún bá etí kejì jáde. Nígbà tí mo parí rẹ̀, ó ní kí n kà á fún òun. Mo kà á ní Gẹ̀ẹ́sì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ń mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọ. Inú rẹ̀ dùn sí bí ó ṣe ń dún lẹ́nu mi.

Ó lọ lọ́jọ́ náà, ọjọ́ ọjà sì ni. Ó wọlé lọ bá ìyá mi, mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi kò jẹ́ kí n fọkàn sí ohun tí mo ń gbọ́.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin," ló wí fún un. "Ọjà kẹrin sí tòní, mo ti dé ulé. N kò sì tún lọ mọ́."

"Bí ẹ bá pẹ́, ẹ óò bá ọkọ mìíràn nínú ulé," ni ìyá mi dá a lóhùn, èémí rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè rẹ́rìn-ín rẹ̀ tán. Bàbá mi bá a rẹ́rìn-ín tó kù.

Obìnrin kan wà ní ilé kejì sí tiwa tó ń ta irú àti iyọ̀, kì í pa ọjọ́ ọjà kan jẹ. Òun ló ń bá mi wo ìyá mi bí mo bá lọ sílé-ìwé. Bó bá ti ọjà dé ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀dọ̀ wa ló máa kọ́kọ́ yà. Ní ọjà àkọ́kọ́, ó ra ẹ̀kọ gbígbóná bọ̀ fún ìyá mi, ìyá mi jẹ ẹ́, ó ní, "Ó ku mẹ́ta." Ní ọjà kejì, kò lè dùbúlẹ̀ mọ́. A to ìrọ̀rí sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ibẹ̀ náà ló ń sùn sí. Mo ní kí n ránṣẹ́ sí Òmùò.

"Láti sọ kí ni? Pé aya rẹ̀ ń ṣàìsàn?" Ó mí díẹ̀, ó tún sọ̀rọ̀. "Òun tó máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Jẹ́ kó fi ọ̀wọ̀ kúrò níbẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré."

"Ìyá mi, ó ku bíi mẹ́ta," ni mo sọ, torí pé mo ní kàlẹ́ńdà lọ́kàn.

Ó wò mí, ojú àánú ló fi wò mí. "Tíṣà tí kò mọ ọ̀sẹ̀ kà," ló sọ.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àìsàn ló ń da ìṣirò rẹ̀ rú. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ fún obìnrin ilé kejì pé ìyá mi kò mọ ọjọ́ mọ́, kó máa bá mi ṣọ́ ọ dáadáa. Obìnrin náà ní òun kò rí nǹkan tó ṣe ọpọlọ rẹ̀ o. Mo fojú ẹni tí kò lọ sílé-ìwé wò ó.

Ní ọjà kẹta, ìyá mi ní kí wọ́n bá òun di irun. Kò ní agbára láti jókòó pẹ́, obìnrin ilé kejì dì í díẹ̀ díẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú débi pé bí a bá tẹ̀ ẹ́, ojú ìka á dúró síbẹ̀. Kò kígbe, kò sì ráhùn. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, ohun tó máa bi mí ni bóyá òjò rọ̀ lọ́nà Òmùò, bí ẹni pé èmi lè mọ̀. Ó ń bẹ̀rù kí òrùlé tí kò tíì parí má lọ dá ọkọ rẹ̀ dúró.

Ọjọ́ ọjà kẹrin bọ́ sí ọjọ́ tí kò sí ilé-ìwé. Ìyá mi ní kí n gbé omi gbígbóná wá, mo wẹ̀ ẹ́ lórí àga. Ó ní kí n wọ bùbá funfun fún òun, kí n gbé àga méjì sí fàráńdà. Mo ní atẹ́gùn ń fẹ́. Ó ní kí atẹ́gùn fẹ́. Mo gbé e jókòó, mo fi aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, ó sì kọjú sí títì. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ló fẹ́ gbà.

Obìnrin ilé kejì ń gbé igbá rẹ̀ lọ sọ́jà, ó dúró kí i. Ó wo bùbá rẹ̀, ó wo irun rẹ̀, ó pariwo. "Háà, ìyàwó ọ̀ṣìngín! Ó yẹ bẹ́ẹ̀ kẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé lónìí. Ọkọ yín á dé."

Mo ń yọ òkúta kúrò nínú ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ọwọ́ mi dúró. Mo fi ìka mi kà á, láti ọjà dé ọjà, bí mo ti ń kà á nígbà tí n kò tíì mọ ọ̀nà ilé-ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Gbogbo ohun tí bàbá mi sọ ní fàráńdà yẹn padà sí etí mi lẹ́ẹ̀kan náà, tó fi mọ́ èyí tí n kò fẹ́ gbọ́. Ó ṣì ku ọjọ́ méjìlá kí déètì tí mo kọ tó pé.

Ìyá mi jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀. Kò jẹ́ kí n gbé e wọlé ní ọ̀sán. Bí mọ́tò bá fa búréèkì, á gbé ọrùn sókè. Nígbà kan, ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́, ìyá mi sì di apá àga mú bí ẹni tó fẹ́ dìde. Ọkùnrin náà kọjá lọ. Àwọn ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í padà, obìnrin ilé kejì padà, ó wo àga kejì tó ṣófo, ó sì kọjá lọ sílé rẹ̀. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ìyá mi ní kí n mú òun wọlé.

Mo gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, mo to ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn. Ó ní, "Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí."

N kò ní kó ṣàlàyé. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi gbé pọ̀, bàbá mi kò dájọ́ fún un rí kó má dé. Ó ti fẹsẹ̀ rìn láti Ìsẹ̀ rí nígbà tí mọ́tò bàjẹ́ lọ́nà, torí pé ó ti sọ pé ọjọ́ náà lòun ń bọ̀. Ìyá mi a máa fi ṣe fáàrí láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Gbólóhùn kan ni ì bá ná mi. Ìyá mi, èmi ni mo ṣì í kọ, bàbá mi kò gbàgbé yín. Ṣùgbọ́n èmi ni tíṣà. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín nígbà tó ní n kò mọ ọ̀sẹ̀ kà, èmi ni mo lọ ń sọ kiri pé ìṣirò rẹ̀ ti dàrú. Ojú tì mí. Mo la ẹnu, ohun tó sì jáde ni pé, "Bóyá mọ́tò ló dá wọn dúró." Ìyá mi ní bóyá. Ó kọjú sí ògiri.

Mo tún fi ọjọ́ méjì ṣòfò. Mo sọ fún ara mi pé ìdánwò àwọn ọmọ ń lọ lọ́wọ́, pé ọ̀gá ilé-ìwé kò ní gbà kí n lọ. N kò tilẹ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá náà. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí mo bá lọ mú bàbá mi wá, tó bá ti wọlé, inú ìyá mi á dùn, kò sì sí ẹni tó máa béèrè ohun tó fà á. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo fi ìyá mi sílẹ̀ fún obìnrin ilé kejì. Mo sọ fún ìyá mi létí pé mo ń lọ mú bàbá mi wá.

"Má bínú sí i o," ló sọ. "Bó bá jẹ́ pé uṣẹ́ ló ṣẹ́kù, ẹ jọ dúró kó parí rẹ̀."

Mo wọ mọ́tò dé Adó, mo wọ òmíràn dé Òmùò. Láti títì ni mo ti gbọ́ òòlù rẹ̀. Orí òrùlé ló wà, ó ń kan páànù, kò sì gbójú sókè. Ẹnjiníà jókòó sábẹ́ ìbòòji pẹ̀lú fáìlì rẹ̀, ọkùnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀, ó sì dìde kí mi nígbà tí mo sọ ẹni tí mo jẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà yìí!" Ó ṣí fáìlì, ó fi ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ hàn mí. "Bàbá yín kò sinmi o. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti wà lókè. Mo ní kí wọ́n rọra, wọ́n ní àwọn fẹ́ parí rẹ̀ ṣáájú déètì yín."

Mo sọ fún un pé ìyá mi ń kú lọ. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Kí ló dé tí Bàbá kò sọ? Ọjọ́ tí wọ́n mú lẹ́tà wá gan-an ni ǹ bá ní kí wọ́n máa lọ. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré sì ni àdéhùn béèrè. Èmi fúnra mi bi wọ́n pé ṣé títí di ọjọ́ tó wà nínú ìwé yìí ni wọ́n ní lọ́kàn. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni."

Òòlù ti dákẹ́. Bàbá mi ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, ó ti rí mi. Ó ti rù, eruku igi bo irùngbọ̀n rẹ̀. Kò kí mi.

"Ṣé ó ṣì wà?"

"Wọ́n ṣì wà, bàbá."

Kò kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹnjiníà ní kó máa lọ, pé òun á fi wọ́n ránṣẹ́, bàbá mi sì wọ mọ́tò pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ní Adó, ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìkẹ́rẹ́ kò tètè kún. Èrò méjì ló kù. A jókòó sínú rẹ̀, a ń retí èrò méjì. Bàbá mi gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orúnkún, ó ń wo iwájú. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́tà, n kò lè sọ ọ́ lójú àwọn èrò. Obìnrin kan dé pẹ̀lú àpò gàrí, a tún dúró de ẹnì kan.

Nígbà tí a dé, àwọn obìnrin ti wà níwájú ilé wa, wọ́n káwọ́ lérí. Obìnrin ilé kejì jáde wá pàdé wa. Ó kúnlẹ̀ fún bàbá mi lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o. Kò pẹ́ rárá. Kò tíì tó wákàtí kan." Bàbá mi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọlé. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyá mi nínú yàrá pé òun ti dé. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Òun ló kan pósí rẹ̀. Àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n jókòó yí i ká láti òwúrọ̀ títí ó fi parí rẹ̀. A sin ìyá mi sí ẹ̀gbẹ́ ilé, pásítọ̀ gbàdúrà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọrin, èèyàn sì tú ká lọ sí oko wọn nítorí pé òjò ti rọ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ kí n tó lè bi í. Ọjọ́ Sátidé ni, ó jókòó lẹ́yìn ilé, kò ṣe nǹkan kan, ohun tí n kò rí kó ṣe rí. Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Ìgbà wo lẹ mọ̀ pé mo ṣì í kọ?"

"Ọjọ́ tí mo mú un débẹ̀ náà ni. Ẹnjiníà kà á fún mi ní Yorùbá."

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún un?"

"Ó bi mí pé ta ló kọ ọ́. Mo ní ọmọ mi ni, mo ní tíṣà ni. Ó bá gbé ùwé náà sókè, ó pe àwọn bíríkìlà, ó ní kí wọ́n wá wo bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà, pé kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Gbogbo wọn wá ń wò mí." Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Mo rò pé bí mo bá yára, màá parí rẹ̀. Ó ku páànù díẹ̀."

Mo sunkún. Mo sunkún bí n kò ti sunkún lọ́jọ́ tí a sin ín. Ìyá mi kò ránṣẹ́, kí wọ́n má baà fi orúkọ ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀, kí ojú má baà tì mí níbi tí n kò sí. Èmi nìkan ni mo dákẹ́ nítorí ara mi.

Ó jẹ́ kí n sunkún tán. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí mo rò pé ó ti ń gbé kiri láti ọjọ́ tí a ti dé láti Òmùò. Kò wò mí nígbà tó béèrè rẹ̀.

"Lọ́jọ́ tó ń retí mi, o ṣáà sọ fún un? Pé lẹ́tà ni, pé n kò gbàgbé rẹ̀?"

Mo ní, "Mo sọ fún wọn, bàbá."

"Kí ló wá sọ?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Bàbá mi mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó dáa." Ó ní kí n bá òun bu omi wá, ó sì mu ún. Ó tún gbé ọdún mọ́kànlá láyé lẹ́yìn ìyá mi, kò fẹ́ ìyàwó mìíràn, bí àlejò bá sì wá kí i, tí ọ̀rọ̀ bá kan ìyá mi, á sọ fún wọn pé òun kò sí nílé nígbà tó ń lọ, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó dá òun dúró, ó tilẹ̀ fi rẹ́rìn-ín. Á wá tọ́ka sí mi pé kí wọ́n bi mí, èmi ni mo wà níbẹ̀. Èmi á sì ní bẹ́ẹ̀ ni.